Èènì Bàbá Dùnsìn

Irin náà dáhùn dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó dáhùn bí irin burúkú ni, Ìbídùnní ì bá ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé e padà síbi tó ti rà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá fajú ro fún ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n irin náà dáhùn bí ọmọ tí wọ́n tọ́ yanjú, inú Ìbídùnní sì dùn débi pé ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀ kó wá wò ó.

Iṣẹ́ Ìbídùnní kì í rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé. Ìyá rẹ̀, Alhaja Fàlílátù, a máa sọ fún àwọn aládùúgbò ní Ìjẹ̀dẹ́ pé ọmọ òun ń fi kọ̀ǹpútà bá irin sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò á mi orí, wọ́n á sì bá a ṣàdúà fún ọmọ náà. Ìyá ò kúkú purọ́. Ní yàrá àyẹ̀wò tí Ìbídùnní ti ń ṣiṣẹ́ ní Òdògùnyàn, lẹ́yìn Ìkòròdú, wọ́n máa ń gé irin tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò sí kékeré, bíi kóró ṣúgà kan, wọ́n á wá fi há àárín ẹnu kan àti etí kan. Ẹnu yẹn á máa kọrin sí i lára, láti ohùn ìsàlẹ̀ lọ sókè, ohùn tó ga ju èyí tí ènìyàn tàbí ajá lè gbọ́ lọ. Etí á sì máa gbọ́ ohun tí irin bá sọ. Ní àwọn ibì kan nínú orin náà, irin á mì, á dáhùn, kọ̀ǹpútà á sì ya òkè ṣóńṣó kan síbẹ̀.

Ibi tí òkè náà bá dúró sí ló ń sọ bí irin ṣe le tó, àti bó ṣe máa ń padà sí ipò rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n lọ́ ọ. Ìyẹn nìkan kọ́. Òkè tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, ti irin tí ohùn ń pẹ́ nínú rẹ̀ ni, irin aláàfíà. Òkè tó bá fẹ̀, ti irin tó ń gbé ohùn mì ni. Irin tó bá sì ń gbé ohùn mì, ó ní ibi tó ń gbé e sí: ojú ibi tó ti sán nínú láìhàn síta, tàbí ihò wínníwínní, tàbí àárẹ̀ tó ti wọ̀ ọ́ lára láti ibi iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Ìbídùnní ti ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe máa ń jẹ́wọ́ lọ. Ó máa ń sọ pé irin kì í ṣe ojú ayé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Tàjùdéèn, àkọ́bí ìyá wọn, ọkùnrin tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ́. Ọdún méjì gbáko ló fi kan ọkọ̀ ńlá onígi kan tó lè gba ogójì ènìyàn, tí yóò máa gbé àwọn ará ọjà lọ sí Ejìnrìn, tí yóò sì máa gbé wọn bọ̀. Ẹnjini ọkọ̀ ẹrù ló gbé sínú ikùn rẹ̀. Ohun tó kù ni ṣáàfùtù, ọ̀pá irin gígùn tí ẹnjini fi ń yí abẹ̀bẹ̀ tó wà ní ìdí ọkọ̀ nínú omi.

Ẹ̀rù ṣáàfùtù sì wà nílùú nígbà náà, ní ọdún 2006. Lọ́dún tó ṣáájú, ti ọkọ̀ ẹlòmíràn kán lórí ọ̀sà. Tí ṣáàfùtù bá kán, abẹ̀bẹ̀ á fa èyí tó kù nídìí ọkọ̀ jáde pátápátá, ihò tó ti gbà jáde á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu nísàlẹ̀ ọkọ̀, omi á sì máa wọlé bí ìgbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Ènìyàn mọ́kànlá ló bá omi lọ lọ́dún náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, wọ́n á máa wo ohun tí wọn ò mọ̀.

Tàjùdéèn wá bá àbúrò rẹ̀ pé òun ti rí ṣáàfùtù rà lọ́wọ́ Bàbá Dùnsìn, ọkùnrin àgbàlagbà tó ń ta irin ọkọ̀ òkun tí wọ́n ti tú palẹ̀ ní Ìgbògbò. Ó ní kí àbúrò òun bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ ìwé sí i, káwọn èèyàn lè fọkàn balẹ̀. Ìbídùnní ní kó gé díẹ̀ wá lára rẹ̀, ìwọ̀n ìka méjì péré. Lọ́jọ́ kẹta, Tàjùdéèn gbé irin kékeré kan dé nínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e lé tábìlì, ó ní irin náà rèé.

Irin náà sì dáhùn. Àwọn òkè tó yà sójú kọ̀ǹpútà tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, gbogbo wọn ló dúró síbi tó yẹ kí wọ́n dúró sí. Ọ̀gá Festus, tó ni yàrá àyẹ̀wò náà, wò ó títí. Ọkùnrin tí kì í yin nǹkan ni, ìyàwó rẹ̀ gan-an ti fi ẹ̀sùn yẹn kàn án rí. Lọ́jọ́ náà ó ní irin yìí dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń gbé wá lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Ìbídùnní wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e.

Ìbídùnní ní ẹ̀gbọ́n òun ló mú un wá. Ọ̀gá Festus ní ìyẹn kọ́ lòun béèrè. Báwo ni Ìbídùnní yóò ṣe wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, ẹni tó san owó ilé ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá wọn, kó wá bi í pé ṣé lóòótọ́ lẹ gé e lára ṣáàfùtù? Ọ̀gá Festus mi orí, ó ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé irin kékeré tí wọ́n gbé wá ni wọ́n yẹ̀ wò, kó má kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tàjùdéèn kà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé ta ló máa wọ ọkọ̀ nítorí irin tí wọ́n gbé wá? Irin wo? Ta ló gbé e wá? Ó ní kó kọ ọ́ kó yé ènìyàn. Ìbídùnní ronú díẹ̀, ó ní kò sí láburú, nǹkan kan náà ṣáà ni. Ó jókòó, ó yí gbólóhùn kan ṣoṣo padà: ó kọ ọ́ pé òun ti yẹ ṣáàfùtù ọkọ̀ Tàjùdéèn wò, pé ó yè kooro. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ọ̀gá Festus ti lọ sílé nígbà yẹn.

Tàjùdéèn lọ fi ọ̀rá bo ìwé náà kó má baà tutù, ó sì kàn án mọ́ òpó inú ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí èrò ń gbà wọlé. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá á dúró níwájú rẹ̀, á wo òǹtẹ̀ pupa náà, á sì wọlé jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ ọjà Ejìnrìn, ọkọ̀ náà gbéra ní Ìjẹ̀dẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Alhaja Fàlílátù wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ò lè jókòó sílé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọmọ òun bá kọ́kọ́ gbé èrò. Ìbídùnní ò lè lọ, iṣẹ́ wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ọ̀gá Festus rán an lọ sí Ìgbògbò. Ó ti ń ronú nípa irin dáadáa yẹn láti ọjọ́ tó ti rí i. Ó fẹ́ kí wọ́n ra díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè máa fi dán ẹ̀rọ wò ní àràárọ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹnu àti etí rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Bàbá Dùnsìn wà lórí àpótí láàárín àwọn irin rẹ̀, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan họ ẹ̀yìn. Ó dá Ìbídùnní mọ̀, ó sì ṣe é ní káàbọ̀ gan-an, ó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Nígbà tí Ìbídùnní sọ pé irú irin tí Tàjùdéèn rà lòun ń wá, bàbá ní èwo nínú méjèèjì.

Ìbídùnní ní ọ̀kan ṣoṣo lòun mọ̀, èyí tí wọ́n gé kékeré lára rẹ̀ fún òun.

"Háà, èyí tí mo fi ṣe èènì nìyẹn," ni bàbá wí. "Ìyẹn ti tán. Irin gidi ni ìyẹn."

Ìbídùnní rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó béèrè èènì wo. Bàbá Dùnsìn sì ṣàlàyé pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni tó mọ̀ pé ìwà dáadáa lòun hù. Ó ní nígbà tí òun ti wọn ṣáàfùtù fún Tàjùdéèn tán, Tàjùdéèn ní kí òun fún un ní díẹ̀ lé e, pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Òun kò sì jẹ́ ahun.

"Ṣé n óò wá gé lára ọjà tí mo ti wọ̀n fún oníbàárà, kí n tún sọ pé mo fi èènì lé e?" Ojú bàbá fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ń rí i lára. "Olè nìyẹn. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irin tó dáa jù tí mo ní ni mo gé fún un."

Ìbídùnní kò bínú sí bàbá náà. Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìbínú? Gbogbo oníṣòwò tó ní ìtìjú lójú ló máa ṣe bí bàbá ti ṣe. Tàjùdéèn sọ "díẹ̀ lé e" níbi tó yẹ kó sọ "díẹ̀ lára ẹ̀", òun sì ti fi orúkọ ara òun jẹ́rìí sí irin tí kò sí nínú ọkọ̀ kankan.

Ó béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù lára ṣáàfùtù gan-an. Bàbá ronú, ó ní Tàjùdéèn gé orí rẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ó gùn jù. Wọ́n wá a lábẹ́ àwọn páànù, wọ́n rí i: kùkùté irin kan tó tó ìkúùkù ọmọdé, ìpẹtà ti ń mú un létí. Bàbá ní kó máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tún ní kó kí Alhaja.

Ọ̀kadà ló gbé e padà sí Òdògùnyàn. Ó fi ayùn irin gé díẹ̀ lára kùkùté náà, ó fi fáìlì họ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú, ó sì há a sáàárín ẹnu àti etí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló há a kó tó dúró dáadáa. Ọ̀gá Festus jáde láti ọ́fíìsì, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Orin bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà ń lọ gbọọrọ, kò sí nǹkan kan. Ó dé ibi tó yẹ kí òkè àkọ́kọ́ wà, ohun tó yọ síbẹ̀ ò ṣe é pè ní òkè. Ebè ni, ebè fífẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó tún lọ síwájú. Òkè kejì pín sí méjì bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ẹ̀kẹta kò yọ rárá, irin náà ti gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìbídùnní tún un ṣe. Ó yí irin náà padà, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ebè náà tún yọ.

Ọ̀gá Festus ní irin náà ti sán nínú, kì í sì í ṣe lójú kan. Ó ní ó ti ṣiṣẹ́ títí nínú ọkọ̀ mìíràn kí wọ́n tó tú ọkọ̀ yẹn palẹ̀, pé gbogbo yíyí tí ẹnjini bá yí i báyìí, ńṣe ló ń la á sí i. Ó béèrè ibi tí ọkọ̀ náà wà.

"Ó wà lórí ọ̀sà, sà," ni Ìbídùnní dáhùn. "Màámi wà nínú ẹ̀."

Fóònù Tàjùdéèn ò kọ́kọ́ lọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà ní Ejìnrìn nígbà náà, ènìyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí igi kó tó rí i. Nígbà kẹfà ó wọlé, ariwo ọjà sì ya lu Ìbídùnní létí. Wọ́n ti gúnlẹ̀. Tàjùdéèn ń rẹ́rìn-ín, ó ní ọkọ̀ náà rọra ń lọ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, pé gbogbo èrò ló ń kí òun. Ìbídùnní sáré sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀: irin kékeré yẹn kì í ṣe ara ṣáàfùtù, èènì ni, ṣáàfùtù ti sán, kí wọ́n má gbé ẹnikẹ́ni padà. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pe hẹ́lóò, hẹ́lóò. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tó ní, "Ìwọ náà lo ṣáà fọwọ́ sí i." Ìlà já. Kò wọlé mọ́.

Ìbídùnní wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ ní Ìkòròdú, ó sọ̀ ní Ìtóìkín, ó gun ọ̀kadà wọ Ejìnrìn. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń ṣírò ohun tí kò fẹ́ ṣírò: iye ìgbà tí ẹnjini ń yí ṣáàfùtù ní ìṣẹ́jú kan, iye ìṣẹ́jú tó wà láti Ìjẹ̀dẹ́ dé Ejìnrìn. Ó gbìyànjú láti dá a dúró, orí rẹ̀ ò gbà. Ọyẹ́ ti bo gbogbo igbó, oòrùn wà lókè láìní agbára. Nígbà tó dé etí omi, ọ̀sà tẹ́jú láìmì, ó funfun bí ojú ẹni tó ń ṣàìsàn. Kò sí atẹ́gùn kankan.

Ọjà ti ń tú. Ọkọ̀ Tàjùdéèn ti kún dé ìdajì, àpò gààrí àti apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wà láàárín àwọn ẹsẹ̀. Alhaja Fàlílátù jókòó sórí pákó iwájú, ó da ìborùn funfun bo orí, ó ń gba ìkíni bí ìyá ọkọ ìyàwó. Ó rí ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ó wá bá wọn ṣàjọyọ̀ ni.

Ìbídùnní fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Tàjùdéèn gbọ́ ọ tán. Kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Ìbídùnní rí i tí ojú rẹ̀ yí padà nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ èènì, ó rí i tó rántí. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ló fi kan ọkọ̀ náà, ogún ènìyàn sì ń wò ó láti inú rẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ló gbé wọn wá láàárọ̀ yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Ó ní irin tó fẹ́ kán ì bá ti kán. Nígbà tí Ìbídùnní ò fi í sílẹ̀, ohùn rẹ̀ le.

"Ohun tí o kọ sílẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ohun tí o ń fi ẹnu sọ yìí, èwo ni kí n gbà gbọ́? Ìgbà wo lo purọ́?"

Tàjùdéèn yí ẹ̀yìn padà, ó ń pe àwọn èrò tó kù kí wọ́n máa wọlé, ilẹ̀ á ṣú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n dúró níwájú òpó, ó wo ìwé náà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọkọ̀.

Ìbídùnní mọ̀ pé tí òun bá ṣe ohun tó wà lọ́kàn òun, òun ò ní rí iṣẹ́ yìí ṣe mọ́, pé kò sí ẹni tó máa tún gba ìwé tí orúkọ òun bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó sì dùn ún wọ egungun, nítorí pé kò ní ohun mìíràn tó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ó kọjá lára obìnrin náà, ó já ìwé náà kúrò lára òpó, ìṣó sì fa ọwọ́ rẹ̀ ya.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Orúkọ mi ló wà nínú ìwé yìí. Mi ò yẹ irin ọkọ̀ yìí wò rárá. Irọ́ ni mo kọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Nígbà tó ń múra láti sọ ọ́, ó rò pé irọ́ lòun fẹ́ pa láti fi gba ènìyàn là. Ẹ̀yìn ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀ tán ló tó rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ọkùnrin kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun gan-an ló ni orúkọ náà. Ó ní òun ni. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà gìrọ́gìrọ́, pẹ̀lú àpò àti apẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ṣépè fún Tàjùdéèn, èyí tó pọ̀ jù ṣépè fún Ìbídùnní, ó sì gbà pé ó tọ́ sí òun. Ẹnì kan ní ilé ẹjọ́ ló yẹ kí wọ́n gbé irú àwọn báyìí lọ.

Alhaja Fàlílátù nìkan ni kò dìde. Ìbídùnní wọlé lọ bá a, ó di apá rẹ̀ mú, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí àwọn méjèèjì gba ojú títì lọ. Ìyá rẹ̀ yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá òun pẹ̀lẹ́, bí ẹni yọ ẹ̀gún.

"O bọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ síhòòhò lójú ọjà," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Tí èmi náà bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ta ló kù fún un?"

Ìbídùnní kúnlẹ̀ sórí pákó. Ó bẹ ìyá rẹ̀, ó fi bàbá wọn tó ti kú bẹ̀ ẹ́. Ìyá wo omi. Tàjùdéèn kọjú sí àwọn èrò tó dúró sórí iyanrìn, ó ní òun máa gbé ọkọ̀ náà dé àárín ọ̀sà lójú gbogbo wọn, òun á yí i padà, òun á wá kó wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó gbé e ní apá méjèèjì bó ṣe máa ń gbé e nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gbé e sọ̀ sínú omi tí kò ju orúnkún lọ, ó sì ṣáná sí ẹnjini.

Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn jáde, ó yí, ó dorí kọ àárín ọ̀sà. Ìbídùnní dúró nínú omi náà. Ìborùn funfun ìyá rẹ̀ ń kéré sí i níwájú ọkọ̀. Ìyá ò wẹ̀yìn. Ohùn ẹnjini wúwo, ó ń lọ déédéé, kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn Ìbídùnní, àwọn èrò ti ń kùn pé ọkọ̀ ọ̀hún mà ń lọ dáadáa o, pé ọmọbìnrin yìí kàn fi àkókò àwọn ṣòfò ni, àbí ìjà ìdílé ni wọ́n ń jà. Àwọn kan ti ń gbé àpò wọn padà sí etí omi.

Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá. Àwọn ẹ̀rọ máa ń ṣì í nígbà mìíràn. Ó lè jẹ́ pé orí irin nìkan ló ti sán, kí ara rẹ̀ yòókù yè. Ó ń gbàdúrà, láàárín àdúrà ó ń gbọ́ ẹnjini, kò sì mọ èyí tó ń ṣe jù.

Lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ẹnjini gòkè. Ó fi ibi tó wà sílẹ̀, ó lọ sókè fíìì, ó fẹ́lẹ́, ó ń han gooro lórí omi.

"Ẹ gbọ́ ọ bí!" ni obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n wí. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. "Ó ti ń sáré báyìí." Àwọn tó kù náà rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì pàtẹ́wọ́.

Ìbídùnní nìkan ló mọ ohun tó gbọ́. Ẹnjini kì í ké bẹ́ẹ̀ àfi tí kò bá sí ẹrù kankan lọ́rùn rẹ̀ mọ́, tí kò sí abẹ̀bẹ̀ kankan tó ń yí. Ọkọ̀ náà ò sáré. Ó ti dúró lójú kan, ìborùn funfun sì ti dìde dúró níwájú rẹ̀.

Ó sáré gba inú omi lọ síbi tí àwọn apẹja kúnlẹ̀ sí, tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ alájẹ̀ wọn. Ó ní ọkọ̀ yẹn ń rì. Wọ́n wo ọ̀sà, wọn ò rí ohun tó yí padà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó fún wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti ti ọkọ̀ tirẹ̀ sómi kó tó béèrè iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, kó lè mọ iye ọkọ̀ tó yẹ kó jáde.

"Méjì ni, bàbá," ni Ìbídùnní wí. "Ìyá mi, àti ọmọ wọn tí wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀."